Ta Ló Wà Nínú Ẹ̀kú?

Ní gbogbo oṣù Karùn-ún ọdún 2025, a kò lè bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò ní Kàbà kí àwọn ọ̀dọ́ tó ń bá mi ṣeré má kọ́kọ́ jiyàn lórí Ncuti Gatwa. Ṣé yóò lọ ni àbí yóò dúró? Ọ̀kan á ní ó ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Òmíràn á ní wọ́n ti lé e, wọ́n kàn ń bò ó mọ́lẹ̀ ni. Ọmọ Ìyàrá kan tí ohùn rẹ̀ máa ń borí tàwọn yòókù á ní irọ́ gbuu ni, pé ta ni yóò rí irú ipò bẹ́ẹ̀ gbà tán tí yóò tún gbé e jù sílẹ̀? Wọ́n á wá kọjú sí mi: "Bàbá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí, kí lẹ rí sí i?"

Mo rí nǹkan sí i, kì í sì í ṣe ohun tí mo lè sọ tán láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí a fi ń to àga.

Doctor Who ni eré tí wọ́n ń jà lé lórí, Gatwa ló sì ń ṣe olórí rẹ̀ nígbà náà. BBC ló ń ṣe é, ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá ọdún 1963 ló sì kọ́kọ́ jáde. Ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì ni. Ẹnì kan tí kì í ṣe ọmọ ayé yìí, tí wọ́n ń pè ní Dókítà, ń wọ ọkọ̀ kan tó rí bí àpótí búlúù tí àwọn ọlọ́pàá Ìlú Ọba ń lò láyé àtijọ́, ó sì ń fi rin ìrìn àjò lọ sí àná, lọ sí ọ̀la, lọ sí inú ìràwọ̀. Bí ikú bá fẹ́ẹ́ pa á, kì í kú. Ara rẹ̀ á tan ìmọ́lẹ̀, ojú á yí, ohùn á yí, ìwà á yí díẹ̀, ẹni tó bá sì dìde níbẹ̀ náà ni Dókítà.

Àìsàn ló bí ọgbọ́n yìí. William Hartnell tó kọ́kọ́ ṣe Dókítà ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà tó gba iṣẹ́ náà. Nígbà tó fi máa di 1966, ara rẹ̀ kò gbé e mọ́, ọ̀rọ̀ tó ti kọ́ sórí ń sọnù mọ́ ọn lẹ́nu. Eré náà sì ti gbajúmọ̀ kọjá ohun tí wọ́n lè pa tì. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, Dókítà ṣubú lulẹ̀ nínú ọkọ̀ rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ bo ojú rẹ̀, Patrick Troughton ló sì jí. Kò jọ Hartnell rárá. Hartnell le, ó máa ń kanra. Troughton ń ṣe bí aláwàdà, ó ń fun fèrè kékeré kan. Àwọn òǹwòran bínú díẹ̀, wọ́n wò ó díẹ̀, wọ́n sì gbà á.

Ó wù mí kí àwọn ọmọ wa mọ̀ pé ilẹ̀ yìí wà nínú ìtàn Troughton. BBC pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ eré ìgbà ayé rẹ̀ rẹ́ láti fi téèpù náà ṣe nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ta ẹ̀dà rẹ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn ilẹ̀ òkèèrè, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2013, gbogbo ayé gbọ́ pé Philip Morris, ọkùnrin kan tó ń wá irú fíìmù bẹ́ẹ̀ kiri, ti rí agolo fíìmù ní ibùdó àtagbà tẹlifíṣàn kan ní ìlú Jos. Ìpín 9 tí wọ́n ti gbà pé ó ti ṣègbé ló wà níbẹ̀. The Enemy of the World pé pérépéré nítorí rẹ̀. The Web of Fear ku ẹyọ kan kó pé. Nígbà tí Troughton gbapò lọ́wọ́ Hartnell, Àríwá ni ìjọba ṣì ka àwa Okun, Yorùbá agbègbè Kàbà, mọ́, a kò tíì di ará Kwara, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ Kogi tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1991. Ilẹ̀ Àríwá kan náà ló tọ́jú ojú ẹni àkọ́kọ́ tó gbapò lọ́wọ́ ẹlòmíràn nínú eré yìí, nígbà tí àwọn tó ni ín ti nù ún kúrò.

Kò yẹ kí ọmọ Okun ya ẹnu sí ohun tí Troughton ṣe. Eégún wa kì í kú. Ẹni tó ń gbé e lè darúgbó, orúnkún lè máa dùn ún, ó lè ríṣẹ́ sí Abuja. Bí àkókò bá tó, ẹ̀kú á jáde, oríkì tí wọ́n fi ń kí i láyé baba ńlá náà ni wọn yóò fi kí i. Ní Bùnú, aṣọ ìpò, aṣọ pupa tí wọ́n fi ń ṣẹ̀yẹ òkú àgbà, wà lára ohun tí wọ́n ń lò fún eégún. Ọwọ́ tó hun ún ti jẹrà, aṣọ ṣì ń jó. Kò sí ẹni tí yóò dúró lójú agbo kó ní, "Ta ló wà nínú rẹ̀ lọ́dún yìí? Tèṣí mà dáa jù ú lọ." Èèwọ̀ ni. Ṣùgbọ́n àgbà tó bá mọ ijó yóò rí i pé ẹsẹ̀ ti yí padà. Yóò rí i, yóò pa ẹnu mọ́, yóò sì máa jó tẹ̀lé e.

Tẹlifíṣàn kò fún wa ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Kò sí aṣọ tó bo ojú. Ojú òṣèré gan-an ni ẹ̀kú, òun la ń gbé sún mọ́ èèyàn nínú ilé rẹ̀ títí tí yóò fi mọ bí ẹyinjú náà ṣe ń rìn kí omi tó jáde níbẹ̀. A fi ojú yẹn ta eré, a fi lẹ pátákó, a sọ fún òǹwòran pé kó fẹ́ràn rẹ̀. Tí ojú náà bá wá fẹ́ẹ́ lọ, a kò lè ní kí ó ṣe bí àgbà tó pa ẹnu mọ́ lójú agbo. Nítorí náà ni n kò fi bá àwọn tó ń pe ìméfò yìí ní òfófó kẹ́gbẹ́. Ẹni tó fẹ́ràn eré kan, tó sì ń fura pé olú ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ ń lọ, ọ̀fọ̀ ló ti ń ṣe sílẹ̀ kó tó dé.

Wọn kì í sì í méfò lásán. Àwọn òǹwòran mọ iṣẹ́ wa ju bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe rò lọ. Bí olú ẹ̀dá-ìtàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ ẹni tó ti ṣẹ̀ tipẹ́, tó ń fi ọmọ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, wọ́n ti mọ̀ pé òǹkọ̀wé ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Bí ẹni tuntun kan bá ń gba ọ̀rọ̀ ju ipò rẹ̀ lọ, wọ́n á fura. Bí wọn kò bá rí ọ̀gá eré nínú ìpín méjì léra wọn, ariwo ti sọ. Àmì yìí máa ń tanni jẹ nígbà mìíràn o. Ní 2024, Gatwa kò fi bẹ́ẹ̀ hàn nínú "73 Yards" àti "Dot and Bubble", àwọn ọmọ mi sì sọ pé ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ya Doctor Who, kò tíì kúrò lẹ́nu Sex Education, eré tó sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká. Òǹkọ̀wé wá gbé ìtàn tí wọ́n lè yà láìsí i kalẹ̀. Ẹni tó bá ti to ọjọ́ òṣèré mẹ́wàá pọ̀ rí, tí ọ̀kan ní ìgbéyàwó, tí ọ̀kan ń kọ ìdánwò, mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ohun tí òǹwòran ń pè ní àṣírí, ọ̀rọ̀ kàlẹ́ńdà ni.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún 2025 ni wọ́n gbé "The Story & the Engine" jáde. Inua Ellams ló kọ ọ́, akéwì àti òǹkọ̀wé eré tí wọ́n bí ní Jos, tó ti kọ eré orí ìtàgé nípa ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ṣáájú. Èkó ni Dókítà balẹ̀ sí lọ́tẹ̀ yìí, ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Omo. Àwọn ọkùnrin há síbẹ̀. Onígbàjámọ̀ àjèjì kan, tí Ariyon Bakare ṣe, ń gé irun wọn, bí wọ́n bá sì jókòó sórí àga, àfi kí wọ́n pa ìtàn, nítorí ìtàn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń jẹ. Fóònù kan la fi wò ó, a gbé e ti agolo mílíìkì lórí tábìlì, orí mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án forí korí síwájú rẹ̀. Nígbà tí Gatwa ń gba inú ọjà kọjá, tó ń kí èèyàn lọ́tùn-ún lósì, kò sẹ́ni tó mí. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan nínú ìpín náà, pé láti ìgbà tí òun ti wà nínú ara dúdú yìí, àwọn ibì kan wà láyé tí wọn kì í ṣe òun bí wọ́n ṣe ń ṣe òun tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, ọmọ ilé ni òun. Ọmọ Ìyàrá tó ti ń pariwo ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn kàn na ìka kan sí fóònù náà, kò rí ọ̀rọ̀ sọ.

Àtìgbà yẹn ni mo ti mọ ohun tí wọ́n ń jà fún gan-an. Rwanda ni wọ́n bí Gatwa sí ní 1992, Scotland ló dàgbà sí. Jo Martin ti ṣe Dókítà aláwọ̀ dúdú ní 2020, ṣùgbọ́n àlejò ni tirẹ̀ nínú ìtàn ẹlòmíràn. Gatwa ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé gbogbo ilé náà lé lọ́wọ́. Fún ọmọ Kàbà tó ń kọ ìtàn nípa ọkọ̀ òfurufú sínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń bi í pé ta ló rí Yorùbá nínú ìràwọ̀ rí, ojú yẹn kì í ṣe ojú lásán.

Ìpín náà kò tíì kúrò lẹ́nu tí ìròyìn mìíràn fi dé. Wọ́n ti kéde pé Gatwa ni yóò ka èsì àwọn onídàájọ́ Ìlú Ọba níbi ìdíje orin Eurovision. Ó ku ọjọ́ 2, BBC ní kò ní lè ṣe é mọ́, pé Sophie Ellis-Bextor ni yóò ṣe é. Wọn kò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní pàtó. Ó tán. Ẹni tó bá fi àlàfo sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀, àwọn èèyàn yóò bá a kún un, ohun tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wọ́n jù ni wọn yóò sì fi kún un.

Ọjọ́ 31 oṣù náà ni Gatwa lọ. Nínú "The Reality War", Dókítà fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ra Poppy, ọmọdébìnrin kan tí ayé ti yí padà gbé sọnù, ara rẹ̀ tan ìmọ́lẹ̀, ojú tó sì yọ jáde ni ti Billie Piper. Ìpín 8 ní 2024, ìpín 8 ní 2025, eré Kérésìmesì 2: ìyẹn ni gbogbo ohun tó fi ṣe olórí. Nígbà tí àwọn oníròyìn bi í lẹ́yìn náà, ó ní kò síṣẹ́ tó dùn tó o, ṣùgbọ́n òun ń dàgbà, ó sì ti rẹ ara òun. Àwọn ọmọ mi kò gbà. Ẹni ọdún 32 ń dàgbà kẹ̀? Wọ́n ní ó ní láti jẹ́ pé nǹkan mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀.

Èmi gbà á gbọ́. Mo ti rí ohun tí jíjẹ́ olórí ń ṣe fún ara èèyàn. Òun ló ń dé kí ilẹ̀ tó mọ́, òun ló ń lọ kẹ́yìn. Bí àwọn yòókù bá ń jẹun, aránṣọ ń fa aṣọ mọ́ ọn lára. Yóò ṣubú lẹ́ẹ̀mẹ́fà lórí ilẹ̀ líle kí kámẹ́rà tó rí ìṣubú kan tó dára, yóò sunkún ní òwúrọ̀, yóò tún sun ẹkún yẹn kan náà ní ọ̀sán nítorí iná tó lọ, yóò dé ilé, yóò sì tún gbé ọ̀rọ̀ ọ̀la kọ́ títí òru. Àwọn yòókù lè ṣàárẹ̀. Bí òun bá ṣàárẹ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ni kò ní ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ó sì mọ̀. Mo ti bá àwọn òṣèré tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún ṣiṣẹ́ tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n bí wọ́n bá gbé ife omi lẹ́yìn ìran tó gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá ní ara òun ti rẹ̀, ká má sọ ọ́ di òpùrọ́ nítorí pé a fẹ́ràn rẹ̀.

Nílé níbí, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Nínú The Village Headmaster tí Ṣẹ́gun Olúṣọlá dá sílẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1968, Ted Mukoro ló kọ́kọ́ ṣe ọ̀gá ilé-ìwé. Lẹ́yìn rẹ̀, Femi Robinson àti Justus Esiri náà jókòó sórí àga yẹn, ìlú Ọjà sì ń bá ìgbésí ayé rẹ̀ lọ. Kí ló mú un ṣeé ṣe? Ìlú ni wọ́n kọ́, kì í ṣe ẹnì kan. Kábíyèsí tí Déjúmọ̀ Lewis ń ṣe wà láàfin, Amẹ́bọ wà níta, Eléyinmi ń wọ agbádá rẹ̀ kiri. Funṣọ́ Adéolú tó ṣe Eléyinmi tiẹ̀ padà jọba tòótọ́, ó di Aláyé ti Òde Rẹ́mọ. Ti Papa Ajasco le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwòrán inú ìwé apanilẹ́rìn-ín ni Wale Adenuga ti mú un jáde, nítorí náà orí pípá yẹn ti wà kó tó di pé òṣèré kankan gbé e wọ̀. Síbẹ̀, nígbà tí Fẹ́mi Ògúnrọ̀mbí gbapò fún ìgbà díẹ̀ lọ́wọ́ Abíọ́dún Àyọ̀yínká, àwọn ọmọdé tó jókòó síwájú tẹlifíṣàn ló kọ́kọ́ mọ̀. Ògúnrọ̀mbí, ẹni tó mọ orin dé gbòǹgbò, kú ní oṣù Kìíní ọdún 2023, ó sì dùn mí pé ọ̀pọ̀ tó dárò rẹ̀ kò mọ ọn sí nǹkan mìíràn ju "Papa Ajasco kejì" lọ.

Lórí ìtàgé, kò le tó báyìí. Ẹni tó bá ń wo Naira Has No Gender ti Olú Ọbáfẹ́mi, ọmọ Bùnú wa, lónìí, kì í béèrè ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é, nítorí gbogbo wa ti gbà pé ọ̀rọ̀ ló ni eré. Àfi níbi tí ẹnì kan bá ti ṣe é débi tí ó jẹ ẹ̀kú náà mọ́ra. Dúró Ládiípọ̀, tó ṣe Ṣàngó nínú Ọba Kòso, kú ní 1978, ọdún 15 lẹ́yìn tí eré náà kọ́kọ́ jáde. Mo mọ àwọn àgbà tí kò tíì rí Ṣàngó mìíràn láti ìgbà náà, bó ti wù kí wọ́n ṣe eré yẹn tó lójú wọn.

Nígbà kan, mo darí eré rédíò kan tí bàbá olóyè kan jẹ́ olórí rẹ̀. Lórí rédíò, ohùn ni ẹ̀kú. Òṣèré wa ríṣẹ́ sí ọ̀nà jíjìn, ó sọ fún wa bó ṣe yẹ, a sì kí i kú oríire. Ilé-iṣẹ́ tó ń gbé eré náà sáfẹ́fẹ́ ní ká má sọ nǹkan kan, ká kàn fi ohùn mìíràn sí i, pé àwọn ará oko kò ní mọ̀. Wọ́n mọ̀ kí ìpolówó àkọ́kọ́ tó wọlé. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó ti kú, ó ti jí owó, ó ti di wòlíì, ìyàwó rẹ̀ ti fi nǹkan sí i lọ́nà ọ̀fun. Ìyá oníṣu kan nínú ọjà Kàbà di apá aṣọ mi mú. "Okun o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má purọ́ fún mi. Ṣé wọ́n ti sin ín?"

Mo sọ fún un pé ọkùnrin náà wà láàyè, ó ń jẹun, ara rẹ̀ le. Kò tó o. Ó ní bí ó bá wà láàyè, kí ló dé tí kò dágbére? Mo padà lọ bá àwọn ọ̀gá yẹn, a fa ọ̀rọ̀ náà, wọ́n gbà. Òṣèré wa wálé, a gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ fún ìran kan péré: bàbá olóyè pe àwọn ọmọ rẹ̀, ó pín ilẹ̀, ó súre, ó ní òun ń lọ sọ́dọ̀ àbúrò òun lókè odò. Ohùn tuntun wá di ti àbúrò rẹ̀ tó wá dúró nípò rẹ̀. Nígbà tí mo tún gba ọjà kọjá, ìyá náà ń bínú sí àbúrò náà pé ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ná owó ẹbí. Mo mọ̀ pé a ti bọ́.

Ohun tí ìyá yẹn béèrè ni mo rò pé gbogbo òǹwòran ń béèrè. Kì í ṣe iye owó tí wọ́n san, kì í ṣe ẹni tó bínú sí ta ni. Ìdágbére ni. Ẹni tó ń lọ kò jẹ wá ní ìdí tó fi ń lọ. Ìyẹn jẹ́ tirẹ̀ àti ti ilé rẹ̀. Ẹni tó ni eré ló jẹ wá ní ìdágbére nínú ìtàn, àti òtítọ́ níta. Ní 2005, nígbà tí Doctor Who padà dé lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ọjọ́ 26 oṣù Kẹta ni Christopher Eccleston kọ́kọ́ hàn gẹ́gẹ́ bíi Dókítà. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, ìròyìn ti jáde pé kò ní ṣe ju ọdún kan yẹn lọ. BBC sáré kéde, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu nípa ìdí tó fi ń lọ, ọ̀rọ̀ tí kò sọ. Wọ́n padà tọrọ àforíjì. Ó ṣe ìpín 13, ó sì ṣe wọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n òǹwòran tó jókòó wo ìpín kejì ti mọ̀ pé ìsìnkú ni òun ń wò. Wọ́n gba ayọ̀ ọ̀sẹ̀ méjìlá lọ́wọ́ àwọn ọmọdé nítorí ẹnu tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́.

Ti Gatwa sàn jù ú lọ nínú ìtàn. Wọ́n jẹ́ kó fi ayọ̀ lọ, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni èyí tó tẹ̀lé e. Nígbà tí orúkọ àwọn òṣèré ń kọjá, wọ́n kọ orúkọ Billie Piper síbẹ̀, wọn kò sì kọ ọ́ pé òun ni Dókítà. Obìnrin yìí ti ṣe Rose, ọmọ tó ń bá Eccleston rìn ní 2005. Ṣé òun ni Dókítà tuntun? Ṣé Rose ló padà wá? Nígbà tó di oṣù Kẹwàá, ilé-iṣẹ́ Disney tó ń bá BBC náwó sí i yọwọ́, wọ́n sì kéde pé eré kan yóò jáde ní Kérésìmesì 2026, tí Russell T Davies yóò kọ. Láàárín ìgbà náà, ẹ̀kú wà lójú agbo, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ẹnì kan wà nínú rẹ̀.

Àwọn ọmọ mi ti tún bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Ìyàrá ní Rose ni, ó fi owó kọ́ fún ẹni tó bá lè já òun nírọ́. Mo ti ní kó lọ kọ èrò rẹ̀ sílẹ̀ bí eré, kó kọ bí Dókítà ṣe lè fi ojú ẹni tó fẹ́ràn bo ojú ara rẹ̀, àti ohun tí yóò sọ bó bá kọ́kọ́ wo dígí. Ó ti kọ ìran méjì. Nínú èkejì, Kàbà ni ọkọ̀ náà balẹ̀ sí, lẹ́yìn ọjà, ìyá oníṣu kan ló sì kọ́kọ́ rí i tó ń jáde. A máa kà á sókè ní ọjọ́ Sátidé.